Apá Mànàmáná Lára Ẹlẹ́gùn-ún

Ẹ bá mi bi àfẹ́sọ́nà mi léèrè: ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀? Ta ló ní kó gbé omi kaná?

Láti ìgbà tí mo ti wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń bi í, ìdáhùn kan náà ló sì ń fún mi. "Olólùfẹ́ mi, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Olólùfẹ́ kọ́, olóríkunkun ni!

Orí tábìlì rẹ̀ ni mo bá àwọn ère ike méjèèjì. Wọ́n dúró sórí aṣọ funfun, wọ́n ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú wọn jáde nínú páálí. Mànàmáná nìyẹn, akọni pupa tó dé àṣíborí abìyẹ́. Ẹlẹ́gùn-ún nìyí, ẹranko abàmì aláwọ̀ ewé tí ẹ̀gún hù sí lẹ́yìn láti ìpàkọ́ títí dé ìrù. Apá Mànàmáná ti padà sára Mànàmáná. Apá Ẹlẹ́gùn-ún, tòun ti èékánná gbọọrọ gbọọrọ, ti padà sára Ẹlẹ́gùn-ún. Oníkálukú pé, oníkálukú mọ́ tónítóní. Abọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi inú rẹ̀ ti dúdú, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan léfòó sójú omi náà.

Mo wo omi dúdú yẹn. Inú rẹ̀ ni ìgbéyàwó Àǹtí mi rì sí.

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí. Agbẹ̀bí ni, kò sì sí òpópónà kan ní àdúgbò wa tí ẹ ò ní rí ọmọ tó jẹ́ pé ojú Àǹtí ló kọ́kọ́ rí láyé. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ́kọ. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wa ló ń gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ẹni tó bá mú apá mi lọ ni kí ẹ bi." Àlejò á máa wo apá rẹ̀ méjèèjì, àwa ará ilé á sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àǹtí wà lọ́mọdé, eré akọni kan láti ilẹ̀ Japan máa ń wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Mànàmáná á bá Ẹlẹ́gùn-ún jà, á pa á, ilé á wó, òkun á hó. Bó bá tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ẹlẹ́gùn-ún á tún yọjú bí ikọ́ tí kò gbóògùn. Wọ́n ń ta ère wọn nígbà náà. Mànàmáná wà lọ́wọ́ Àǹtí. Ẹlẹ́gùn-ún wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan nílé tó kọjú sí tiwọn. Àwọn méjèèjì ló ṣàwárí pé bí ike yẹn bá wọ inú omi gbígbóná, á rọ̀ bí ètè ìyá arúgbó, apá á sì yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn òbí ọmọkùnrin náà fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n yọ apá ọ̀tún Mànàmáná, wọ́n fi há Ẹlẹ́gùn-ún lára. Wọ́n yọ ti Ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n fi há Mànàmáná lára. Kí tèmi má pé láìsí tìẹ, kí tìẹ má pé láìsí tèmi. Ọmọdé ló sọ ọ́ o! Mélòó nínú àwọn àgbàlagbà tó ń pariwo ìfẹ́ kiri ló lè sọ irú rẹ̀, kó sì mú un ṣẹ?

Àǹtí mú un ṣẹ. Ó fi aṣọ wé Mànàmáná rẹ̀ sínú àpótí aṣọ, tòun ti apá ẹranko tó wà léjìká rẹ̀. Ìtàn yẹn ló sì máa ń sọ fún àwọn aboyún bí ìrora bá wọ̀ wọ́n lára, kí ọkàn wọn lè kúrò níbi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́ fún obìnrin kan tó ń rọbí, tí bàbá obìnrin náà jókòó sí kọ́rídọ̀ níta, tó ń gbọ́. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá yìí, ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú tipẹ́.  Ó dúró títí ọmọ fi délẹ̀, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó délé, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú Ẹlẹ́gùn-ún nínú àpò bébà. Apá pupa kan wà lára ẹranko náà, ó di ìkúùkù.

Àǹtí mi, tí ẹ̀jẹ̀ kì í bà lẹ́rù, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ilé ìgbẹ̀bí, ó bú sẹ́kún.

Ṣé ẹ rí i pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ní àríyànjiyàn kankan nínú? Kò yẹ kó ní. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì mọ bàbá mi.

Ayẹ̀wòkọ̀ ni bàbá mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ọkọ̀ tó yẹ kó rìn lójú títì àti èyí tí kò yẹ. Kò tíì gba ohunkóhun gbọ́ rí láyé yìí láì kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Awakọ̀ wá sílé láti wá kí i, pé òun fẹ́ fẹ́ àbúrò rẹ̀, bàbá mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá táyà tó ti jẹ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, òun ni," ni Àǹtí wí.

"Ẹni tó o rí ní kọ́rídọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Ẹni tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni. Ẹ wo apá Mànàmáná lára ẹranko ẹ̀."

"Mo rí i. Ó sì gbọ́ ìtàn apá yẹn lẹ́nu ìwọ fúnra ẹ, nígbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ó ṣòro? Ó kúrò níbẹ̀, ó wá ẹranko rà, ó wá akọni rà, ó yọ apá ẹ̀, ó fi há a. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ jíjí nìyẹn. Wọ́n á tú nọ́ńbà kan, wọ́n á gbé òmíràn há a."

Awakọ̀ rọra gbé ife omi tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ṣe ọkọ̀."

"Mo ti rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ máa ń ní ìwé."

Mo fẹ́ wọlẹ̀ fún ìtìjú. Ṣùgbọ́n Àǹtí kò bá a jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àgbàlagbà ni mí. Mo lè di ẹrù mi nísinsìnyí kí n máa bá a lọ, kò sí ẹni tó máa mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ kù fún mi lọ́mọ ìyá. Mi ò ní yọ́ jáde nílé yìí bí ẹni tó jalè. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó sọ pé, máa lọ. Bí kò bá sọ ọ́, mi ò lọ."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kò béèrè ju gbólóhùn kan lọ.

Bàbá mi wá kọjú sí mi. "Àfẹ́sọ́nà tìẹ ńkọ́? Ṣebí iṣẹ́ ẹ̀ ni? Kó bá mi wò ó bóyá apá yẹn ti pẹ́ lára ẹranko, àbí àìpẹ́ yìí ni wọ́n fi há a. Ohun tó bá sọ ni mo máa fara mọ́."

Onígíláàsì ni gbogbo ayé ń pe àfẹ́sọ́nà mi, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó máa ń so gíláàsì kékeré kan mọ́ ọrùn, ibi tí àwọn ọkùnrin mìíràn ń so ṣéènì mọ́. Adíyelé ohun ìṣeré àtijọ́ ni. Àwọn ènìyàn a máa kó ère ike, mọ́tò kékeré àti bèbí olójú gíláàsì wá fún un. Á gbé gíláàsì lé ojú, á sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, á sọ bóyá ojúlówó ni, á sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí bó ṣe máa ń wo etí ère ike! Bó bá fi irú ojú yẹn wò mí fún ìṣẹ́jú kan péré, mi ò ní bá a jiyàn mọ́ láéláé. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Kì í purọ́. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo kó ère méjèèjì fún un nínú àpò, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ mi nígbà kan pé bí apá ère bá ti pẹ́ lójú kan, eruku á ti dì yí oríkèé rẹ̀ ká bí àlẹ̀mọ́. Eruku ọdún gbọọrọ kò ṣeé yọ́ ṣe. Eruku yẹn ni ẹlẹ́rìí wa.

Mo sọ gbogbo ìtàn náà fún un. Mo tún fi kún un pé, "Wò ó nìkan o. Má ṣe tún nǹkan kan ṣe lára ẹ̀."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Ẹ wá wo ohun tó gbọ́!

"Ṣé o rí eruku náà?" ni mo bi í, ohùn mi ti lọ sókè.

"Mo rí i. Ó nípọn dáadáa. Apá yẹn ti pẹ́ níbẹ̀, kò sí àní-àní."

"O sì fọ̀ ọ́."

"Ọwọ́ mi ló ṣe é." Ó ń nu gíláàsì rẹ̀, kò lè wò mí lójú. "Wò ó, bí wọ́n bá gbé ère tí apá ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ wá, tí apá tiẹ̀ gan-an sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sí adíyelé tó máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí o bá rí ọmọ tó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Kí n tó mọ̀, mo ti gbé omi kaná."

"Fọ́tò ńkọ́? Ṣebí ẹ máa ń ya fọ́tò?"

"Mo yà á."

Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn.

"Lẹ́yìn tí mo tún wọn ṣe," ló wí. "Wọ́n wá rẹwà gan-an ni."

Ẹ gbà mí! Wọ́n rẹwà! Obìnrin kan fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ dúró de apá kan, ẹni tó fẹ́ fi mí ṣe aya gbé ìdúró náà bọ omi ọṣẹ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, ó sì ní wọ́n rẹwà!

"Jẹ́ kí n dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà," ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀.

"Eruku ńkọ́? Ṣé wàá dá eruku náà padà?"

 Mo kó àwọn ère náà sínú àpò. Mo ní kó máa bọ̀, ẹnu rẹ̀ ni bàbá mi máa ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi.

Pálọ̀ wa ni gbogbo wa péjọ sí. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀, Àǹtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú aṣọ iṣẹ́, nítorí ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Awakọ̀ jókòó síbi tó jìnnà sí i díẹ̀, bí ọkùnrin tó mọ̀ pé wọn kò tíì fún òun láyè. Onígíláàsì gbé ère méjèèjì sórí tábìlì.

Àǹtí wò wọ́n. Ó wo Mànàmáná tó di odidi. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà," ni Onígíláàsì wí. Bí mo ti ń bínú tó, mo gbà pé kò lọ́ra láti jẹ́wọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láì fi nǹkan kan bò: eruku tó rí, omi tó gbé kaná, ọṣẹ.

Bàbá mi fara balẹ̀ gbọ́ tán. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo rí eruku yìí?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Ìwọ tó o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, tí Àǹtí ẹ̀ ń sè fún ọ, lo rí i. Ìwọ náà lo sì fọ̀ ọ́. Ẹlẹ́rìí tó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọ̀bẹ kó tó wá jẹ́rìí, irú ẹlẹ́rìí wo nìyẹn?"

"Bàbá, òótọ́ ló ń sọ," ni mo wí.

"Mo bi ọ́ ni? Apá pupa yìí, ṣé Mànàmáná yìí nìkan ló lè wọ̀?"

"Rárá, sà," ni Onígíláàsì wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ihò kan náà ni gbogbo wọn ní. Á wọ Mànàmáná yòówù tí wọ́n bá ṣe nígbà yẹn."

"Ó dáa. Ibi tí a ti gbéra la tún padà sí." Bàbá mi nà sẹ́yìn lórí àga rẹ̀, mo sì rí i kedere pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó dùn mí jù lọ nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀! Ó dà bí ẹni tó ti ń wá ìdí láti sọ pé rárá láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹlòmíràn wá gbé e fún un nínú àwo.

Awakọ̀ dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ gbà mí lálejò. Agbẹ̀bí, mo ń lọ." Àǹtí di apá àga rẹ̀ mú. Kò sọ pé má lọ, kò sì sọ pé máa lọ.

Onígíláàsì ló sọ̀rọ̀. "Sà, ó yẹ kí n sọ èyí tó kù fún yín. Àwọn ère yìí kò tó iye owó tí mo rò pé wọ́n máa tó. Àbùkù kan wà tí mo rí lára wọn lẹ́yìn tí mo tún wọn ṣe."

"Àbùkù wo ló tún kù?" ni mo jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ìwọ ò mọ ìgbà tí ènìyàn ń dákẹ́ ni?"

"Mi ò lè díyelé nǹkan kí n máa fi àbùkù ẹ̀ pamọ́." Orí kunkun náà rèé! "Sà, apá ọ̀tún Mànàmáná ti ṣá, pupa ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ ẹran tí wọ́n bọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyókù ara ẹ̀ pọ́n bí ata. Ẹlẹ́gùn-ún wá yàtọ̀. Gbogbo iwájú ẹ̀ ló ṣá, àfi apá ọ̀tún tó ṣì tutù. Ó tún ní àbàwọ́n kan nítan ọ̀tún. Ibẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ. Àbàwọ́n yẹn ló ba ọjà ẹ̀ jẹ́ jù."

Bàbá mi kò nà sẹ́yìn mọ́. Bí ẹ bá sọ fún ayẹ̀wòkọ̀ pé àwọ̀ ilẹ̀kùn kan kò bá ara ọkọ̀ mu, bí ó bá ń kú lọ, á kọ́kọ́ dìde wò ó.

"Gbé e wá."

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì lọ́rùn, ó gbé e fún un. Bàbá mi di Ẹlẹ́gùn-ún mú sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wo itan ẹranko náà. Ó gbé e kúrò lójú, ó tún wò ó.

"Àbàwọ́n kọ́ nìyí. Oòrùn kò dé ibẹ̀ ni. Nǹkan kan dí i." Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Kí ni nǹkan náà? Ó rí roboto lókè, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ nísàlẹ̀..."

 Ó na ọwọ́ mú Mànàmáná lórí tábìlì, ó gbé apá rẹ̀ tó ṣá sún mọ́ itan ẹranko náà. Ìkúùkù pupa náà bo ojú àbàwọ́n náà bí ìdérí bo ìkòkò. Apá Ẹlẹ́gùn-ún kì í di ìkúùkù. Èékánná ló ní, ó là bí ìka ẹsẹ̀ adìyẹ. Kò sí bó ṣe lè ṣe irú òjìji yẹn sára ara rẹ̀.

"Níbo lẹ máa ń gbé e sí?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá mi bá Awakọ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀gún nínú rẹ̀. Awakọ̀ padà jókòó.

"Iwájú mi ni, lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀. Ibi tí mo bá wakọ̀ dé ló máa ń dé. Mo ń pààrọ̀ ọkọ̀, mi ò pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn ọ̀gá mi ní kí n gbé e kúrò, mo ní ẹ̀kejì mi ni."

"Oòrùn ló lù ú báyìí."

"Oòrùn náà lù mí, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá mi gbé àwọn ère sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Kò sí ẹni tó lè ra oòrùn ọdún gbọọrọ ní ọ̀sẹ̀ kan," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Apá yìí ti pẹ́ lára ẹranko. Wọn kò purọ́. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn. Àbúrò mi, ó ti tán. Máa..."

"Ẹ dúró!"

Gbogbo wa yí padà. Àǹtí ti dìde. Mi ò tíì rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀gbọ́n. Ta lẹ fara mọ́? Itan ẹranko?"

"Ṣebí ohun tó o fẹ́ kí n sọ..."

"Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́! Mo sọ fún yín pé òun ni. Ẹnu tèmi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ẹnu tí ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọ̀rọ̀ mi kò tó, ẹ lọ gbé ike wá. Ike kò lè sọ̀rọ̀ tán, ẹ ní irọ́ ni. Ike wá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ẹ ní òótọ́ ni! Obìnrin tó ti di àgbà, tó ń gba ẹ̀mí ènìyàn là lójoojúmọ́, tí ọkọ àwọn aya máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ohun tó bá sọ, nílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kù tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò tó ti itan ẹranko!"

"Agbẹ̀bí, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀," ni Awakọ̀ rọra wí. "Kò burú náà. Ṣé o rí i, àwa la kó apá wọn kúrò nílé, àwa la padà wálé, apá náà sì tẹ̀ lé wa wálé..."

"Ìwọ, má fi ọ̀rọ̀ dídùn gbà wọ́n sílẹ̀! Mo ṣì ń bọ̀ wá bá ìwọ àti ọmọkùnrin olómi gbígbóná yìí!" Ó mú àpò, ó kó Mànàmáná àti Ẹlẹ́gùn-ún sínú rẹ̀ bí ẹni ń kó aṣọ ìdọ̀tí, ó sì gbé àpò náà jù sẹ́yìn àga. Ó dúró níwájú bàbá mi. "Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí apá, kò sí itan, kò sí gíláàsì. Èmi nìkan ló kù. Ẹ bi mí."

 Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àánú bàbá mi ṣe mí díẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ń wo abẹ́ nǹkan, wọ́n ní kó wo ojú ènìyàn. Ó wo Àǹtí. Ó wò ó pẹ́. N kò mọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rọ̀, ó sì dà bí ìgbà tó rántí ọmọbìnrin kékeré kan tó máa ń tẹ̀ lé e kiri ilé.

"Ṣé òun ni?" ló bi í.

"Òun ni."

"Ṣé ó máa tọ́jú ẹ?"

"Èmi ni mo máa tọ́jú ẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ dàpọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ó nu imú. "Máa lọ, ọmọ ìyá mi. Máa lọ ní àlàáfíà. Ìgbà tó bá wù ọ́, kó o máa bọ̀."

Àǹtí kò dì mọ́ ọn. Ó ṣì ń bínú. Èmi náà lè bínú fún un títí ọ̀la. Ó kàn gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ó ṣe máa ń tẹ èjìká obìnrin tó bá ti bímọ tán, kó lè sinmi. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Awakọ̀, ó ní, "Dìde, àlejò. O ò rí i pé o jókòó lórí ìborùn mi?"

Mo jáde sí ẹ̀yìn ilé. Onígíláàsì tẹ̀ lé mi. Ọrùn rẹ̀ ṣófo, gíláàsì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ bàbá mi.

"Ṣé inú ṣì ń bí ọ?"

"Ó ń bí mi gan-an."

"Ṣùgbọ́n tí mi ò bá fọ̀ ọ́, wọn kì bá tí rí òjìji yẹn. Apá ni ì bá bò ó."

Mo yí padà sí i. "Ṣé o fẹ́ kí n máa dúpẹ́ ni? Mo ní kó o má fọwọ́ kàn án, o fọwọ́ kàn án. Mo ní kó o dákẹ́, o sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ńkọ́? Bí wọ́n bá dúró níwájú ẹ lọ́la, tí wọ́n ní èmi kọ́ ni ẹni tí mo sọ pé mo jẹ́, tí wọ́n gbé fọ́tò wá, tí wọ́n gbé ìwé wá, ta lo máa bi?"

Ó gbé ọwọ́ sí àyà, níbi tí gíláàsì máa ń wà, kò bá nǹkan kan. Ó ronú.

"Ìwọ," ló wí.

"O ronú kó o tó dáhùn."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni kí n tó sọ ọ́."

Mo wo ojú rẹ̀. Ó burú, nítorí mo gbà á gbọ́. Mi ò sọ fún un. Mo ní kó wọlé lọ bá Àǹtí, ó ti ń pè é, ohùn rẹ̀ ò sì dára.